Ihò Mẹ́fà Ara Ògiri Ẹ̀yìn

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, kí n má baà máa pariwo. Ohùn mi kò tíì padà sípò láti àná, àyà mi náà kò sì tíì balẹ̀. Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n lu ihò sí ara ògiri yàrá ẹ̀yìn, ẹ sì ti gbọ́ pé èmi màmá àgbà yín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí n kò lè dìde. Àwọn kan nínú yín ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí mo rí tó jáde lára ògiri yẹn ló gba agbára ẹsẹ̀ mi. N ó sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí, nítorí nínú gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan òkúta ilé yìí nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, èmi nìkan ló kù.

Ayé tiyín yá. Bí ẹ bá fẹ́ ihò lára ògiri, ẹ ó pe ẹnì kan lórí fóònù, á gbé dírílì dé, ariwo á sọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ihò á sì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọge, ihò kan péré lára ògiri olókùúta lè gba àárọ̀ títí di ọ̀sán. Irin kan ni wọ́n fi ń lu ú, gígùn rẹ̀ kò ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, alágbẹ̀dẹ á ti lu orí rẹ̀ di olójú mẹ́rin. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á fi ọwọ́ òsì di irin náà mú, á fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a ní òòlù. Bó bá gbá a lẹ́ẹ̀kan, á yí i díẹ̀, á tún gbá a. Bí kò bá yí i, irin á há sínú òkúta, ó sì di kí wọ́n máa fi odindi ọjọ́ yọ ọ́. Kẹ́ń, á yí i. Kẹ́ń, á yí i. Ẹ wà ní òpópónà kejì, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n ń lu ògiri, ẹ sì lè fi etí mọ ẹni tó ń lu ú.

Ọ̀kan wà nínú àwọn bíríkìlà wa tí ojú rẹ̀ kì í gbélé bí obìnrin bá ń kọjá. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọbìnrin kan ń ti odò bọ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó sì gbé òòlù lé àtàǹpàkò ara rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ rẹ̀ ti sọnù. Alátàǹpàkò ni wọ́n ń pè é títí tó fi di bàbá àgbà, kódà àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ ọmọ Alátàǹpàkò.

Ní Arakale, ní Àkúrẹ́, ni wọ́n bí mi sí. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí ara bàbá mi kò yá, wọ́n sì mú mi wá sí Oǹdó níbí lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Ojú máa ń tì mí púpọ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ pé ilé, ulé ló ń ti ẹnu mi jáde bíi ti àwọn ará Àkúrẹ́. Bí mo bá fẹ́ sọ pé igi, ugi ni. Àwọn ọmọbìnrin tí a jọ ń ru omi fún àwọn bíríkìlà á máa sín mi jẹ. Wọn á ní kí n tún un sọ kí àwọn gbọ́ dáadáa. Nígbà tó yá, n kò sọ̀rọ̀ mọ́. N ó gbé agbada iyanrìn sórí, n ó fà á wálẹ̀ dé ojú, n ó máa lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní léébìrà nìyẹn, òun ni mo ṣe kí n tó di ìyàwó ilé yìí.

Ilé yìí kọ́ ni àkọ́kọ́ tí mo bá wọn kọ́, ṣùgbọ́n òun ló le jù. Bàbá bàbá àgbà yín, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Tíṣà, kò fẹ́ ògiri amọ̀, kò sì fẹ́ búlọ́ọ̀kù. Òkúta ló fẹ́, òkúta dúdú tí wọ́n fọ́ lórí àpáta. Ọ̀gá Ayọ̀ ni bíríkìlà tó gba iṣẹ́ náà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń kọrin ní kúáyà ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí èèpo igi. Kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé irin sí ògiri láìjẹ́ pé ó ti fi oríkèé ìka kàn án lákọ̀ọ́kọ́. Á kàn án, á gbé etí sí i. Ó ní òkúta máa ń dáhùn ní kó, kó. Ibi tó bá ṣófo á dáhùn ní pù. Bó bá gbọ́ ọ tán ló máa tó sọ irú irin tí wọ́n máa mú, gígùn tàbí kúkúrú, tínínrín tàbí ńlá. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Bí ògiri bá ga kọjá orí ènìyàn, àwọn bíríkìlà á ti orí igi bọ inú rẹ̀, wọn á to pákó lé àwọn igi náà, wọn á sì dúró lé e láti máa kọ́ òkè. Bí ilé bá parí, wọn á fa igi yọ. Ihò rẹ̀ á ṣẹ́ kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó ẹnu ife. Èmi ni Ọ̀gá Ayọ̀ fún ní iṣẹ́ dídí àwọn ihò yẹn, nítorí ọwọ́ mi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wọlé dé ìsàlẹ̀ ihò. N ó wọ́n omi sí i. N ó po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì, n ó kì í bọ ihò, n ó fi irin gún un títí á fi le. Lọ́jọ́ kejì n ó tún gún ìpele kejì, lọ́jọ́ kẹta n ó gún ìkẹta, n ó wá fi tírówẹ̀lì dán an. Bí mo bá dán an tán, ẹ kò ní mọ ibi tí ihò wà.

Bàbá Tíṣà máa ń mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá ní ìrọ̀lẹ́ láti wo ilé. Á dúró lẹ́yìn mi, á máa wò mí. N kò ní wẹ̀yìn nítorí ìtìjú. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, ẹ wo ọmọ Àkúrẹ́ yìí, inú ihò tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé mọ́ ló ń ṣe báyìí. Ẹni tó lè ṣe èyí, kò ní fi ilé ọkọ rẹ̀ ṣeré. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé n kò sùn dáadáa.

Ó wá ku ògiri ẹ̀yìn. Ihò mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ní ìlà kan ṣoṣo. Ọdún Ògún sì ti dé tán. Láàárín àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, bí ọdún Ògún bá di ọ̀la, gbogbo irin ni wọ́n máa kó jọ sójú kan. Wọn á fọ òòlù, wọn á fọ tírówẹ̀lì, wọn á to wọ́n sílẹ̀ lórí ewé, wọn á yan iṣu, wọn á bu epo sí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan irin mọ́ irin lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá Ayọ̀ tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, irin tirẹ̀ náà sinmi. Òórùn iṣu yẹn ṣì wà ní imú mi. Lóde òní, dírílì kì í sinmi. Bí iná bá ti wà lára bátìrì rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá Ayọ̀ ní kí n parí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ọdún tó mọ́, nítorí a máa kọjá sí Ìjù lẹ́yìn rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ilé mìíràn. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni, ọ̀sán kan ṣoṣo ló sì kù. Ó yẹ kí n sọ fún un. Ẹnu mi kò ṣí. Àwọn ọmọbìnrin tó ń sín mi jẹ yẹn, àfi bí wọ́n ṣe wá pè mí lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ dirun, kí irun mi lè gún régé fún ọdún. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pè mí. Ni mo bá kó bébà àpò sìmẹ́ńtì, mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo kì í bọ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ewé tí mo fi jẹ ẹ̀kọ lọ́sàn-án, mo kì í mọ́ èyí tó kẹ́yìn. Mo fi sìmẹ́ńtì bo ojú wọn, mo dán an. Ó dán ju àwọn tó kù lọ.

Ọ̀gá Ayọ̀ kan ògiri iwájú, ó kan ti ẹ̀gbẹ́, inú rẹ̀ dùn. Kò dé ẹ̀yìn. A lọ sí Ìjù. Kò pẹ́ tí Bàbá Tíṣà fi rán ènìyàn sí ilé wa ní Arakale pé òun fẹ́ ọmọ tó dí ihò yẹn fún ọmọ òun. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fẹ́ mi nìyẹn. Ọdún tí mo lò nínú ilé yìí ju ọjọ́ orí bàbá yín lọ, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo wọ yàrá ẹ̀yìn tí ojú mi kò lọ sí ara ògiri yẹn.

Ọkọ mi, bàbá Akin, kò ràn mí lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí àlejò tó máa dé tí kò ní mú un lọ kan ògiri. Á ní, ẹ wo ọwọ́ ìyàwó mi, òun ló dí gbogbo ihò ara ilé yìí. Á rẹ́rìn-ín, á wò mí. Èmi á bojú wolẹ̀. Wọ́n á ní onítìjú ni mí. Mo máa ń rò ó pé bó bá mọ̀, ojú wo ni yóò fi wò mí?

Ẹ̀rù bà mí lẹ́ẹ̀kan. Ó fẹ́ gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ kọ́ sí ògiri ẹ̀yìn, kò tíì ju ọdún kan lọ tí a ṣègbéyàwó. Ó kan ìṣó kan, ìṣó náà wọlé ṣìì bí ẹni pé inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ó dúró. Ó fa ìṣó yẹn yọ, ó sún fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́, ó kan òmíràn. Èmi mú ìgbálẹ̀, mo ń gbá eruku rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá lọ kí ìyá mi ní Àkúrẹ́ tí mo padà dé, n ó bá a pé ó ti fi ẹfun kun apá kan ògiri ẹ̀yìn. Ó ní òun kàn fẹ́ kó mọ́ ni. Mo gbà pé ọkọ mi fẹ́ràn ẹfun.

Tíṣà ni òun náà bíi bàbá rẹ̀, kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ kankan. Ilé adìẹ tí ẹ rí lẹ́yìnkùlé yẹn, òun ló rẹ́ ẹ. Erùpẹ̀ pupa ló ń bù sínú sìmẹ́ńtì. Mo sọ fún un pé, “Bàbá Akin, erùpẹ̀ pọ̀ jù.” Ó ní, “Jẹ́ kó pọ̀.” Ó di àwàdà láàárín wa. Kò sí ibi tó rẹ́ nínú àgbàlá yìí tí kò pupa.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó papò dà, eegun rẹ̀ kò jẹ́ kó lè gbé nǹkan mọ́. Ó máa ń jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, á dojú kọ kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó bo igun ògiri, á ní òun ì bá fẹ́ sún kọ́bọ́ọ̀dù yìí. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

Àná wá dé. Akin bàbá yín ra bátìrì sólà, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ara ògiri. Ọkùnrin méjì ló gbé e wọlé, ọrùn wọn ń yọ iṣan. Ògiri ẹ̀yìn ló sún mọ́ ibi tí wáyà ti ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè òrùlé, ibẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ gbé e kọ́. Wọ́n sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò. Mọyọ̀, Dàmi, ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń wò báyìí, nítorí orí ibùsùn yín gan-an ni bátìrì yẹn ì bá wà.

Ràsákì ni ẹni tó wá lu ihò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Arakale ni wọ́n bí i sí, nítorí náà mo ń pè é ní ará ilé mi. Dírílì kékeré ló kọ́kọ́ mú. Kò kan ògiri wò. Ó fi bíìtì kan sí i, irin tó ń yí lẹ́nu dírílì náà, ó sì dojú rẹ̀ kọ ògiri. Dírílì ń ké, èéfín ń jáde, orí bíìtì pọ́n bí ẹyin iná, òkúta kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wá. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé irú bíìtì wo nìyẹn. Ó ní ti irin ni, òun ti fi lu búlọ́ọ̀kù rí. Mo ní, “Ọmọ Arakale, òkúta nìyí o. Fi ìka kàn án kó o gbọ́.”

Ó kàn án. Ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni ọ̀gá.” Ó lọ gbé dírílì ńlá jáde, èyí tó ń yí tó sì ń gbá ògiri pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kó àwọn bíìtì rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi. Ti igi ní ẹ̀gún ṣóńṣó kan láàárín orí. Ti irin dúdú, orí rẹ̀ mú. Ti òkúta, orí rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti lẹ irin mìíràn tó le gan-an mọ́ ọn, ó sì ní ojú mẹ́rin. Nígbà tí mo rí i, mo fọwọ́ bo ẹnu. Irin àwọn Ọ̀gá Ayọ̀ nìyẹn, ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ pé. Gbígbá náà ló ń gbá, yíyí náà ló ń yí. Iṣẹ́ wa ni wọ́n kó sínú ẹ̀rọ.

Ihò mẹ́rin ni bátìrì náà fẹ́. Ràsákì lu àkọ́kọ́, kò tẹ̀ ẹ́ jù, ó ń fà á jáde lóòrèkóòrè kí eruku lè dà sílẹ̀. Eruku eérú ni, bíi ti ọlọ. Mo sọ fún un pé àwọ̀ eruku ló ń sọ ibi tí irin dé: bó bá jẹ́ eérú, inú òkúta lo wà. Ó lu ìkejì, eérú. Ìkẹta, eérú. Ó gbé e sí ìkẹrin, níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù ti kúrò, bíìtì sì wọlé ṣìì dé ọwọ́ Ràsákì.

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ibí yìí fẹ́ràn òun. Ó fa bíìtì jáde, bébà tó ti jẹrà sì tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ègé ewé gbígbẹ.

Ewé ẹ̀kọ mi ni. Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ̀ ọ́n. Ràsákì ti mú ike kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò, ó ní òun á fi èyí tó tóbi sí i, á dì í mú. Akin ní kó ṣe kíá. Mo wo ibùsùn yín nísàlẹ̀, ìrọ̀rí Dàmi wà lórí rẹ̀. Mo sì gbọ́ ohùn ara mi.

Mo ní, “Akin, má jẹ́ kó gbé e kọ́. Èmi ni mo ki bébà bọ inú ògiri yẹn.”

Ó ní kí ni mo wí. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, ọdún Ògún, àwọn ọmọbìnrin, bébà, gbogbo rẹ̀. Akin mú ègé ewé yẹn nílẹ̀, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló rọra bi mí pé, “Ṣé bàbá mi mọ̀?”

Mo ní kò mọ̀. Mo ní márùn-ún mìíràn ṣì wà níbẹ̀, kí Ràsákì lu gbogbo wọn, kí a rí i. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti igun ògiri, bí Ọ̀gá Ayọ̀ ṣe wọ̀n ọ́n, mo na ọwọ́ sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ràsákì gbé dírílì sí èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ń dúró de ṣìì. Kò wọlé. Dírílì ń gbá, ó ń ké, ó le. Eruku wá ń dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó pupa.

Ràsákì ní, “Ìyá, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà níbí, wọ́n gún un dáadáa. Àmọ́ ta ló ń bu erùpẹ̀ pupa sí sìmẹ́ńtì?”

Mo ní kó máa lu ú lọ. Ó lu ìkejì, ó pupa. Ìkẹta, ó pupa. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkọ mi ni. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ ìṣó yẹn. Bí mo bá lọ sí Àkúrẹ́, á tú ọ̀kan, á yọ bébà mi, á gún òkúta sí i bó ṣe rí mi tí mo ń ṣe é, á fi ẹfun bò ó kí n tó dé. Ní gbogbo ìgbà tó ń mú àlejò lọ kan ògiri, tó ń yin ọwọ́ mi, tó ń wò mí tó ń rẹ́rìn-ín, ó mọ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ni agbára rẹ̀ kò ká mọ́. Mo sì rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti sún bátìrì lọ sí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí kò sí ẹni tó ń sùn. Ràsákì fẹ́ bá mi dí ihò tó kù, mo ní kó fi sílẹ̀. Ní àárọ̀ yìí, mo wọ́n omi sí i. Ọwọ́ mi kò wọlé mọ́, oríkèé ìka mi ti wú, igi ni mo fi ti òkúta wọlé. Akin dúró lẹ́yìn mi bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe máa ń dúró. Mo bu sìmẹ́ńtì, mo ní kó bá mi bu erùpẹ̀ wá láti ẹ̀bá ilé adìẹ. Mo dà á sí i, mo ń pò ó.

Ó ní, “Màmá, erùpẹ̀ yìí pọ̀ jù.”

Mo ní, “Jẹ́ kó pọ̀.”